Ta Ló Ń Wo Omi? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Kó Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Lọ Lúwẹ̀ẹ́ àti Lọ Sí Pápá

Bí ẹ bá dé etí puùlù ilé ẹ̀kọ́ kan tí ẹ bá àgbà márùn-ún níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń wo omi. Gbogbo wọn á ní àwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa: ọ̀kan ń ya fọ́tò tó fẹ́ fi sórí WhatsApp àwọn òbí, ìkejì ń ran ọmọ kan lọ́wọ́ láti dé fìlà rọ́bà, ìkẹta àti ìkẹrin ń sọ̀rọ̀ owó oṣù tí kò tíì wọlé, ìkarùn-ún ń wá ẹni tó ni táwẹ́ẹ̀lì tó wà nílẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sí ojú ẹyọ kan lórí omi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù báyìí lọ: ìṣọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí à ń yàn fún ẹnì kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ pa iṣẹ́ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ohun gbogbo tó kù, àti okùn, àti ìwé òbí, àti àpótí oògùn, abẹ́ èyí ni wọ́n wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi lágbàáyé ní ọdún 2021, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Kì í ṣe òkun nìkan ló ń pa wọ́n. Omi tó mọ ní àyà àgbàlagbà tó láti pa ọmọ.

Kí ọjọ́ náà tó dé

Ìwé ìyọ̀ǹda tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́ sílé kò ju ìlà mẹ́ta lọ: orúkọ ọmọ, iye owó, ibi tí òbí á fọwọ́ sí. Ìwé owó nìyẹn, kì í ṣe ìwé ààbò. Ó yẹ kí nọ́ńbà fóònù méjì wà níbẹ̀ tí ẹnì kan á gbé lọ́jọ́ náà, kí àìsàn tí ọmọ ní àti oògùn tó ń lò wà níbẹ̀, kí ìbéèrè sì wà pé ṣé ọmọ mọ̀wẹ̀.

Ẹ má gbára lé ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn. Òbí tó kọ ọ́ pé ọmọ òun mọ̀wẹ̀ dáadáa lè jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú kan ní òtẹ́ẹ̀lì ló rí i tó ń di etí puùlù mú kiri. Ẹ dán an wò fúnra yín níbi tí omi kò ti ju àyà rẹ̀ lọ: kó lọ láti etí kan dé èkejì láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, kó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi kó léfòó fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò bá lè ṣe méjèèjì kò tíì mọ̀wẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ àìsàn gba ọgbọ́n. Nílẹ̀ wa, òbí kì í fẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé ọmọ òun ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí wárápá, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ lọ́la. Bí ìwé náà bá máa gba ọwọ́ ọmọ àti ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì kọjá, “kò sí” ni wọ́n á kọ. Kí nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, tàbí ẹnì kan tó lè pa ẹnu mọ́, tẹ òbí láago kó béèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ìyàtọ̀ ìdáhùn méjèèjì á yà yín lẹ́nu.

Fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, omi tútù àti òǹgbẹ lè dá ìrora sílẹ̀. Ìyẹn ò ní kó má ṣeré rárá. Kó má pẹ́ nínú omi tútù, kí wọ́n nu ara rẹ̀ gbẹ kíá tó bá jáde, kó máa mu omi léraléra, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú un sáré nígbà tó bá ní ó rẹ òun. Ìnélà, ìyẹn oògùn tí ọmọ tó ní ikọ́ fée ń fà sínú, ọwọ́ olùkọ́ létí pápá ló yẹ kó wà, kì í ṣe nínú báàgì nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ tó ní wárápá gbọ́dọ̀ ní àgbà kan fún ara rẹ̀ nínú omi, níbi tí ọwọ́ á ti tó o. Bó bá mú un nínú omi, kí àgbà náà gbé ojú rẹ̀ sókè kúrò lómi títí á fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà kó gbé e jáde. Wárápá kì í ranni, ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í ranni. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn àgbà tó kàwé dáadáa ṣì ń sá fún itọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá sì sá nígbà tó wà lómi, ó parí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, yálà nínú omi tàbí lórí ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Ẹ dúró létí ibi tó jìn jù, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kedere, ẹ kò ní rí ọmọ tó bá sùn síbẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ padà sílé, kódà bí wọ́n bá ní àná làwọn da kẹ́míkà sí i. Ìdérí ihò náà gbọ́dọ̀ wà pinpin, torí ẹ̀rọ tó ń fa omi lágbára tó láti di irun ọmọbìnrin mú mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà kí ọmọ tó wọ omi. Ọgbà tó yí puùlù ká kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kí géètì rẹ̀ sì máa pa ara rẹ̀ dé. Kí okùn pín ibi tí kò jìn níyà sí ibi tó jìn.

Ẹnì kan, iṣẹ́ kan

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́ ló ń ṣọ́ omi. Olùkọ́ ń wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù wà. Bí owó bá wà, ẹ gba lifeguard, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ ṣíṣọ́ omi, tó ní ìwé ẹ̀rí. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá sọ pé àwọn ní, kó fi ìwé náà hàn, kó sì bọ́ sómi lójú yín. Ọmọkùnrin tó ń gbé mínírà kiri orí tábìlì, tí wọ́n kàn wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa sí lọ́rùn, kì í ṣe lifeguard.

Kí olùṣọ́ omi wọ aṣọ kan tí gbogbo èèyàn á fi dá a mọ̀. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibi tó ti lè rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó wà, kó sì ṣọ́ra fún oòrùn, torí ìtànṣán lójú omi máa ń fi ìsàlẹ̀ pamọ́. Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, ó lè ní láti sún lọ sí òdìkejì. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn tó fi èyí ṣiṣẹ́ ṣe ń lò: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ojú ti yí gbogbo omi ká, òkè àti ìsàlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, ọwọ́ ti tó ọmọ tó wà nínú ewu. Ẹ fi ẹsẹ̀ dán an wò. Bí ẹnì kan kò bá lè dé igun tó jìnnà jù láàárín 20, ẹnì kan kò tó puùlù yẹn.

Tó bá ti tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹlòmíràn gbà á. Ojú tó ti wo omi fún wákàtí kan ń wò ni, kò ríran mọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyí: ẹni tó ń bọ̀ á kọ́kọ́ kọjú sí omi, á ka orí, á sọ iye rẹ̀ sókè, ẹni tó fẹ́ lọ á sọ iye tirẹ̀, tí méjèèjì bá bára mu, aṣọ á kúrò lára ẹnì kìíní bọ́ sára ẹnì kejì. Bí wọn kò bá bára mu, fèrè.

Ọ̀rọ̀ ìkíni wá ń bọ̀, òun ló sì ń dùn mí jù. Púrínsípà wọlé sétí omi, tàbí alága ẹgbẹ́ òbí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ kékeré tó ń ṣọ́ omi á fẹ́ kúnlẹ̀. Á dáhùn “ẹ kú iṣẹ́”, á dáhùn “ilé ńkọ́”, á dáhùn “àwọn ọmọ ńkọ́”. Ìkíni Yorùbá tó pé kì í dín ní ìdajì ìṣẹ́jú, ìdajì ìṣẹ́jú sì ti tó kí omi gba ọmọ kékeré. Ẹ kò lè ní kí olùkọ́ yìí dá fi ìgboyà ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀. Púrínsípà fúnra rẹ̀ ló máa kéde rẹ̀ ní àpéjọ àárọ̀ àti ní ìpàdé òbí: ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn kì í kí èèyàn, èèyàn kì í sì í kí i. Àgbà tó bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ á dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á kọjú sí omi bíi tirẹ̀, á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, á sì kọjá. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, kò sí èyí tó le ju èyí lọ láti mú ṣẹ, bẹ́ẹ̀ kò ná ilé ẹ̀kọ́ ní kọ́bọ̀.

Ní ti iye ọmọ, èmi kì í fara mọ́ ju ọmọ mẹ́fà tí kò mọ̀wẹ̀ fún àgbà kan tó wà nínú omi pẹ̀lú wọn. Tí wọ́n bá kéré sí ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́rin. Olùṣọ́ omi kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Nígbà tí wọ́n bá wà lómi

Ẹ pín wọn ní méjì-méjì. Fèrè ẹ̀ẹ̀kan: gbogbo ẹnu dákẹ́, oníkálukú di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú sókè, ẹ kà wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni. Fèrè ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ jáde. Fèrè gígùn tí kò dáwọ́ dúró: ẹnì kan wà nínú ewu, kí gbogbo ọmọ kúrò lómi. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ ti fi èyí kọ́ wọn.

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ilé ẹ̀kọ́ ń tà dára lójú, ṣùgbọ́n tó bá ti wà nísàlẹ̀ puùlù tí táìlì rẹ̀ jẹ́ búlúù, ẹ kò ní rí i mọ́. Àwọ̀ ọsàn tàbí pupa tó ń tàn ló ń hàn. Bí wọ́n bá ti gba owó aṣọ tán, ẹ fi fìlà tún un ṣe: pupa fún ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, ọsàn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó fẹ́ bora lè wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bora tó sì fún mọ́ ara. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ ni ewu wà nínú rẹ̀, torí ó ń gba omi sára ó sì ń fani lọ sísàlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún òbí ṣáájú kó má di ìjà létí omi.

Eré kan wà tí àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ràn: ta ló máa pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ẹ fòfin dè é pátápátá. Wọ́n á mí gúlegúle lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n tó mòòkùn, wọ́n rò pé atẹ́gùn làwọn ń kó pamọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ara pariwo pé kéèyàn mí kì í ṣe pé ọ́síjìn ti tán; kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Mímí gúlegúle ti gbá ìyẹn dànù, nítorí náà ara kò pariwo. Ọ́síjìn tán nínú ọpọlọ, ọmọ dákú sísàlẹ̀ láìjà rárá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lókè tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń kà á pé àádọ́ta, ọgọ́ta. Òmùwẹ̀ gidi ló sábà máa ń ṣe, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sẹ́ni tó ń bẹ̀rù fún un.

Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti lè kanlẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi orí bẹ́ sómi. Eegun ọrùn ló ń bá a lọ. Ní yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, àgbà méjì ni kó wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin fún obìnrin, ọkùnrin fún ọkùnrin. Fóònù kì í wọ ibẹ̀. Fọ́tò ọmọ nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kì í lọ sórí WhatsApp ẹnikẹ́ni.

Bí ọmọ ṣe ń rì

Nínú fíìmù, ẹni tó ń rì á máa pariwo, á máa ju ọwọ́. Lójú omi, wẹ́lo ni. Ẹnu ọmọ wà ní ìpele omi, ó ń wọlé, ó ń jáde, kò sí àyè láti pe ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu là sílẹ̀. Ara dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ kò ta. Ọwọ́ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tẹ omi sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Láàárín 20 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá, ó ti wọlẹ̀. Ọmọ tó ń ṣeré ń pariwo, nítorí náà èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ má pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Gbígbé e jáde

Fèrè gígùn. Lẹ́yìn náà, nínà ló ṣáájú jíjù, jíjù ló ṣáájú bíbọ́ sómi. Bí ọmọ bá wà nítòsí, ẹ dojú bolẹ̀ létí omi kó má baà fà yín wọlé, kí ẹ na ọ̀pá, táwẹ́ẹ̀lì tàbí bẹ́líìtì sí i. Bó bá jìnnà, ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i.

Òrùka rọ́bà tí wọ́n ń tà wọ́n, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí kò lówó kò ní àwáwí. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó ṣófo, tí ẹ fọ̀, tí ẹ dé pinpin, lè gbé àgbàlagbà léfòó. Ẹ so okùn tó tó mítà 15 mọ́ etí rẹ̀. Ẹ da ife omi kan tàbí méjì sínú rẹ̀ kí ẹ tó dé e, kó lè wúwo díẹ̀. Tí kò bá ní nǹkan nínú, afẹ́fẹ́ á gbé e padà sí yín lójú. Ẹ tẹ orí okùn kejì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó jù ú, torí èèyàn máa ń ju okùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí àyà bá já. Ẹ jù ú kọjá orí ọmọ náà, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ títí okùn á fi kan ọwọ́ rẹ̀. Kí ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan puùlù lójoojúmọ́, kí ẹ sì kun ún ní pupa kí ẹni tó ń se oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ má baà fi pọnmi.

Bíbọ́ sómi kẹ́yìn, ti ẹni tó kọ́ ọ sì ni, pẹ̀lú ohun tó ń léfòó lọ́wọ́. Ẹni tó ń rì kì í mọ̀ pé ẹ wá ran òun lọ́wọ́ ni. Orí yín lá fẹ́ gùn. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò lọ.

Nígbà tó bá ti dórí ilẹ̀

Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e kọ́. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ má ro epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má gbá a létí, ẹ má fi ata sí i nímú. Omi tó ń tú jáde bí a bá dorí ọmọ kodò, inú ikùn ló ti ń wá, ó sì ń gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, ibi tí atẹ́gùn yẹ kó gbà. Atẹ́gùn ni ọmọ náà nílò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà láìmí, ọpọlọ ti ń bàjẹ́.

Ẹnì kan pe 112. L'Ékòó, 767 náà wà. Ẹni tó ń pè kọ́ ló ń tẹ àyà. Ẹ tẹ́ ọmọ sórí ilẹ̀ tó le, ẹ tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ wò bóyá àyà ń lọ sókè sódò. Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Bí kò bá mí, tàbí tó ń mí hẹ̀-hẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i nígbà márùn-ún. Àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn àyà náà, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì, 30 mìíràn, méjì. Bó bá bì, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Kí ẹlòmíràn gbà á ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, torí ó ń rẹni ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ọkọ̀ pàjáwìrì lè má tètè dé, a jọ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Síbẹ̀, gbígbé ọmọ tí kò mí sínú mọ́tò kí ẹ máa sáré lọ láìtẹ àyà rẹ̀, òkú lẹ ń sáré gbé lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, kí ẹnì kan wà lẹ́yìn mọ́tò tó ń bá iṣẹ́ náà lọ títí dé ilé ìwòsàn. Red Cross ti Nàìjíríà ń kọ́ni ní èyí. Kí olùkọ́ tó tó mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ kọ́ ọ, kó má jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá nìkan, torí ọjọ́ tí kò bá wá ń bọ̀.

Ọmọ tí omi wọ̀ lọ́fun tó sì yè, tó ń wúkọ́ tàbí tó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ti ń rẹ́rìn-ín.

Òkun, odò, àti ọ̀gbun iyanrìn

Etí òkun Èkó dojú kọ Àtìláńtíìkì gbangba. Ìṣàn kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa èèyàn kúrò létí lọ sáàárín òkun, ibi tó sì máa ń wà ni ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tó dà bíi pé omi rọlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ á sáré lọ. Ẹni tó bá há sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jà padà sí etí. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kó tẹ̀ lé etíkun títí á fi bọ́ nínú rẹ̀. Ta ló máa kọ́ ọmọ prámárì ní èyí lọ́jọ́ ìrìn-àjò afẹ́? Èrò tèmi ni pé ọmọ prámárì kò gbọdọ̀ wọ òkun kọjá orókùn, kí àgbà sì wà láàárín òun àti òkun. Tarkwa Bay rọlẹ̀ díẹ̀ nítorí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Orí ilẹ̀ ni kí oníkálukú ti wọ aṣọ amúniléfòó. Ẹ fa èjìká rẹ̀ sókè: bó bá gòkè dé etí ọmọ, ó tóbi jù fún un.

Odò tí wọ́n ti wa iyanrìn burú ju bó ṣe rí lọ: ẹsẹ̀ kan wà nínú omi tó mọ ní orókùn, èkejì kò kan ilẹ̀ mọ́. Omi tó dúró tún ní tirẹ̀. Lẹ́bàá adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn oníwádìí ti kọ nípa àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, lára àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé àrùn náà, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ẹ má kó ọmọ lọ wẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́ nípa odò ìlú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé bí a bá ti ní odò ló gba ọmọ, a kì í béèrè mọ́ pé ta ló yẹ kó ṣọ́ ọ.

Ẹ tún rántí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí WAEC, tí wọ́n dá owó jọ gba puùlù òtẹ́ẹ̀lì fún àríyá. Ilé ẹ̀kọ́ á ní kò sí lábẹ́ òun, òbí á rò pé olùkọ́ wà níbẹ̀. Òbí ni kó pe òtẹ́ẹ̀lì, kó béèrè orúkọ ẹni tó máa ṣọ́ omi. Ọtí àti omi kì í jọ wà lójú kan.

Lórí pápá

Inter-house tiwa sábà máa ń bọ́ sí àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí àwọn ọmọ á ti dúró fún máàṣì-páàsì láti àárọ̀, tí àlejò pàtàkì kò sì ní dé títí oòrùn á fi dé àtàrí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lásìkò, àlejò á bá a lọ́nà. Omi ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, kì í ṣe nígbà tí òǹgbẹ bá gbẹ wọ́n. Bí ọmọ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná jan-jan, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ mú ara rẹ̀ tutù ná kí ẹ tó gbé e lọ. Abẹ́ ibòji, ẹ bọ́ aṣọ òkè, ẹ da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ fi yìnyín sí ọrùn àti abíyá. Píọ̀ wọ́tà tó wà nínú kúlà yẹn ló máa gbà á là.

Iná mànàmáná ni èèyàn kì í rò. Ní oṣù kejì 2023, ọmọ ọdún 12 kan kú níbi inter-house ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní pápá ìṣeré Agége. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú rẹ̀ sọ pé iná ló gbé e. Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀rọ gúgúrú, wáyà tó gba orí koríko kọjá: kí oníná kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹ gbogbo rẹ̀ wò láàárọ̀, kó sì wà níbẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Wáyà tó ní ojú ihò kò sí lórí ilẹ̀ tí ọmọ ń gbà. Olùtajà tó fẹ́ so iná tirẹ̀ mọ́ ti ilé ẹ̀kọ́, kó dúró síta.

Níbi jíjù ọ̀kọ̀ àti irin, okùn yí i ká, ẹnikẹ́ni kì í wọlé lọ mú un títí fèrè á fi dún. Òpó góòlù tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ láìrì í mọ́lẹ̀ máa ń wó lu ọmọ tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rì í mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ dà á délẹ̀ lẹ́yìn eré. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, gbogbo ọmọ á wọ ilé, wọn kò sì ní padà sí pápá títí 30 ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Ọmọ tó fi orí gbá nǹkan, tí ojú rẹ̀ ṣú tàbí tó ń béèrè ohun kan náà léraléra, kò tún wọ pápá lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ìdíje náà dùn tó.

Eré àwọn bàbá ńkọ́? Bàbá tí kò sáré láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì àti ẹran, tí ọmọ rẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mítà 50. Kí nọ́ọ̀sì dúró níbi tí wọ́n ti ń parí rẹ̀.

Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀

Ẹ ní ìwé kan tó lẹ́yìn líle. Ohun tó fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ síbẹ̀ jù: ọmọ tó yọ́ wọ ibi tó jìn, iye orí tí kò bára mu, géètì tí wọ́n bá ní ṣíṣí. Ọjọ́, wákàtí, orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ omi nígbà náà, ohun tí a ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, kí òbí ọmọ sì gbọ́ ọ lẹ́nu ilé ẹ̀kọ́ kí WhatsApp tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ má fi í jẹ olùkọ́ níyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó ń gba aṣọ ìṣọ́ láàárọ̀ ka ojú ìwé tó kẹ́yìn sókè kí wọ́n tó ṣí géètì puùlù.